Oògùn Eku, Ìfun Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Dì



Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, tí a ò ní dárúkọ rẹ̀, lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti wú láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, tó le gbandi. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ńlá tó gba inú ìbàdí rẹ̀ gòkè lọ sí ọkàn. Wọ́n bá a yọ ẹ̀jẹ̀ tó dì náà, wọ́n sì fi ọ̀pá oníhò kan tí wọ́n fi irin tín-ín-rín hun bí agbọ̀n sínú iṣan náà kó má baà pa dé mọ́. Stent ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ sí ikùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ warfarin, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan fò ó.

Nígbà tó padà dé ilé, àwọn ará wá kí i kú àbọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gba páálí oògùn náà, ó wò ó, ó ní, "Alhaji, oògùn eku mà ni èyí! Ohun tí wọ́n fi ń pa eku ni wọ́n ń fún yín jẹ." Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ pé ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un. Bàbá gbé oògùn tì. Kò pé oṣù kan tí ẹsẹ̀ náà fi tún wú bíi ti àkọ́kọ́, àyà sì ń fún un. Ọlọ́hun ló yọ ọ́, wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá. Ó ní, "Ààfáà, ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ àbí irọ́?" A ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀, a sì ka ohun tí a lè kà. Ìdáhùn tí a rí ni pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n òótọ́ tí wọ́n gé lórí tí wọ́n gé nídìí ni. Orí àti ìdí rẹ̀ ni a fẹ́ fi síbẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Àánú Ọlọ́hun ni pé ẹ̀jẹ̀ ń dì. Ẹni tí ọ̀bẹ bá gé lọ́wọ́, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá dì, yóò ṣàn títí tí ẹni náà yóò fi kú. Ìgbà tó bá lọ dì níbi tí kò sí ojú ọgbẹ́, nínú iṣan tó yẹ kó máa ṣàn, ìgbà yẹn ló di wàhálà. Àárín ìdì àti àìdì yìí tín-ín-rín, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìtàn yìí dá lé.

Iṣan méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà: èyí tó ń gbé e jáde láti inú ọkàn, àti èyí tó ń dá a padà síbẹ̀. Èyí tó ń dá a padà ni ti bàbá wa yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú rẹ̀ ní ẹsẹ̀, ìṣù ẹ̀jẹ̀ náà lè já, yóò gòkè lọ sí apá ọ̀tún ọkàn, ibẹ̀ ni yóò sì gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, tí yóò lọ dí i. Bí ó bá tóbi, ó lè pa ènìyàn kí wọ́n tó gbé omi fún un. Inú àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéwú dùn láti sọ pé Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí hàn nínú ìwé. Ibn al-Nafis ni, ọmọ Damásíkù tó ṣe ìṣègùn ní Káírò, tó kú ní ọdún 1288. Nínú àlàyé tó ṣe sí ìwé Ibn Sina ló ti sọ pé kò sí ihò kankan láàárín apá ọ̀tún àti apá òsì ọkàn gẹ́gẹ́ bí Galen ará Gíríìkì ti wí, pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láti apá kan sí èkejì. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé ní Berlin tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí, títí tí dókítà ọmọ Íjíbítì kan fi ṣí i ní ọdún 1924. Bí àwa fúnra wa kò bá ṣí ìwé wa, ta ni a fẹ́ kó bá wa ṣí i?

Ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ló fi hàn láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀dọ̀fóró òkú, láti inú iṣan ẹsẹ̀ ló ti já wá. Inú iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1856 ni àwọn tó tẹ̀ lé e ti fa ohun mẹ́ta yọ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan: kí ẹ̀jẹ̀ máa rìn jẹ́jẹ́ jù tàbí kó dúró, kí inú iṣan ní ọgbẹ́, tàbí kí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yí padà tí dídì fi ń yá a lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, a ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ òsì? Virchow pàápàá ti ṣàkíyèsí pé òsì ló pọ̀ jù. Ní ọdún 1957, àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Austria, May àti Thurner, yẹ òkú 430 wò. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń gun orí èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ òsì padà, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn, ó sì ń lù ú bí ọkàn ti ń lù. Nínú òkú 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti rí i pé títẹ̀ yìí ti mú kí ẹran so nínú iṣan náà, tó ń dí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ pé ti bàbá wa rí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ní ọdún 1916, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ìṣègùn ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, Jay McLean, ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n William Howell. Wọ́n ní kó wá ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jáde láti inú ara ẹran. Ohun tó ń mú un dì ló wá lọ, ohun tí kì í jẹ́ kó dì ló bá bọ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ajá ló ti rí i. McLean fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun gbé ẹ̀jẹ̀ ológbò sínú ife síwájú ọ̀gá òun, òun po ohun tí òun rí náà mọ́ ọn, òun sì ní kí ọ̀gá pe òun nígbà tó bá dì. Kò dì títí. Howell tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà, ó sì sọ ohun tí wọ́n rí lórúkọ ní ọdún 1918: heparin, láti inú orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ẹ̀dọ̀. Ọmọ àti ọ̀gá kò ṣàì ní awuyewuye lórí ẹni tó ni àwárí náà, bó ti máa ń rí níbi gbogbo.

Ṣùgbọ́n heparin ìgbà yẹn kò mọ́ tó láti gún ènìyàn. Ìlú Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti sọ ọ́ di oògùn, lọ́wọ́ Charles Best, ẹni tó wà lára àwọn tó rí oògùn àtọ̀gbẹ insulin ní ọdún 1921. Ara màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ nígbà náà. Láàárín ọdún 1935 sí 1940, Gordon Murray ní Toronto àti Clarence Crafoord ní Stockholm ti ń fi í dáàbò bo àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ilé oògùn yíjú sí ìfun ẹlẹ́dẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa ní ilẹ̀ wọn kò lóǹkà, ìfun rẹ̀ sì pọ̀ ní àrọ́wọ́tó. Nígbà tí àrùn màlúù wèrè bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ayé ní àwọn ọdún 1990, heparin ara màlúù kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lọ ti ń wá títí di òní, Ṣáínà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni kejì tó bá Alhaji sọ̀rọ̀ kò parọ́. A óò dá a lóhùn níwájú.

Ọ̀rọ̀ oògùn eku ló dùn mọ́ wa jù. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn àgbẹ̀ tó ń sin màlúù ní àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà kàgbákò àrùn kan. Màlúù tí wọ́n bá gé ìwo rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ títí tí yóò fi kú. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ọgbẹ́ kankan, inú ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí. Frank Schofield, dókítà ẹran ní Kánádà, ló rí ìdí rẹ̀. Koríko kan tí wọ́n ń pè ní sweet clover ni wọ́n ń sá gbẹ fún màlúù nígbà òtútù. Bí ó bá gbẹ dáadáa, kò sí wàhálà. Bí ó bá tutù tó sì bu, tí funfun bíi òwú bò ó, màlúù tó bá jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè dì mọ́. Schofield ní kí wọ́n kó koríko náà dà nù, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ màlúù tó yá sí ara èyí tó ń ṣàìsàn. Ta ló wá lówó koríko mìíràn lásìkò ọ̀dá owó?

Ní oṣù kejì ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Ed Carlson, kó òkú ẹgbọrọ màlúù rẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó bu ẹ̀jẹ̀ tí kò dì sínú garawa wàrà, ó di koríko tó bu náà, ó sì wakọ̀ nínú ìjì yìnyín ní nǹkan bí máìlì 190 lọ sí ìlú Madison láti wá dókítà ẹran ìjọba. Ọjọ́ Sátidé ni, ọ́fíìsì ti tì. Ilẹ̀kùn tó bá ní ṣíṣí ni ti Karl Paul Link, onímọ̀ kẹ́míkà ní yunifásítì. Link kò ní ohun tó lè ṣe fún un ju kó tún ìmọ̀ràn Schofield sọ fún un lọ. Àgbẹ̀ náà tún wakọ̀ rẹ̀ padà sílé nínú yìnyín. Garawa ẹ̀jẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí Link àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sùn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ohun tó wà nínú koríko náà kí ọ̀kan nínú wọn, Harold Campbell, tó rí i ní oṣù kẹfà ọdún 1939. Dicoumarol ni wọ́n pè é, àwọn dókítà sì ti ń fún aláìsàn lò láti ọdún 1941.

Nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí Link tún ṣe, ọ̀kan wà tó lágbára jù. Ó rò ó pé yóò dára fún pípa eku: eku kò ní fura, yóò máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa ṣàn sí i nínú. Warfarin ni orúkọ rẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àjọ tó náwó sí ìwádìí náà ni wọ́n kó jọ sí iwájú rẹ̀. Ní ọdún 1948 ló dé ọjà gẹ́gẹ́ bí oògùn eku. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá Alhaji sọ̀rọ̀ náà kò parọ́ o.

Ní ọdún 1951, ọmọkùnrin kan tó wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fẹ́ pa ara rẹ̀, ó sì gbé oògùn eku yìí jẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kò kú. Wọ́n fún un ní fítámì K, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì padà sípò. Èyí ló jẹ́ kí àwọn dókítà túbọ̀ rí i pé ohun tí wọ́n lè wọ̀n, tí wọ́n sì lè dá dúró nígbà tó bá pọ̀ jù, ni warfarin. Fítámì K yìí, Henrik Dam ará Denmark ló rí i lára òròmọdìẹ tí kò rí i jẹ, tí wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀. Òun ni ẹ̀dọ̀ wa fi ń ṣe ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, òun sì ni warfarin ń dí lọ́wọ́. Ní ọdún 1954 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ènìyàn. Nígbà tí àìsàn ọkàn kọlu Eisenhower, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, warfarin wà lára oògùn tí wọ́n fún un. Ohun tó yà eku sọ́tọ̀ sí ènìyàn níbí ni ìwọ̀n. Iyọ̀ tó ń mú ọbẹ̀ dùn, bí ènìyàn bá bu ẹ̀kún ọwọ́ rẹ̀ jẹ, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan.

Ẹnì kan lè ní ṣé oògùn yìí tilẹ̀ wúlò fún ẹ̀jẹ̀ dídì ní tòótọ́. Ní ọdún 1960, Barritt àti Jordan, dókítà méjì ní ìlú Bristol, fi ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n pín àwọn tí ìṣù ẹ̀jẹ̀ ti dí ẹ̀dọ̀fóró wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn 19 kò gba oògùn: ìṣù ẹ̀jẹ̀ pa márùn-ún nínú wọn, ó sì tún kọlu márùn-ún mìíràn. Àwọn 16 gba heparin àti oògùn oníhóró: kò pa ẹnì kankan nínú wọn. Wọ́n dáwọ́ ìdánwò náà dúró, nítorí pé kò sí ẹ̀rí-ọkàn tó lè gbà á pé kí á tún fi oògùn du ẹlòmíràn.

Ó ku ọ̀pá onírin. Charles Dotter ní ìlú Portland, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ti ọ̀pá gba inú iṣan láti ṣí ibi tó dí, ní oṣù kìíní ọdún 1964, fún ìyá ẹni ọdún 82 kan tó kọ̀ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òun. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde ni ìyẹn. Orúkọ stent, ti dókítà eyín ará Gẹ̀ẹ́sì kan ni, Charles Stent, tó ṣe ohun tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán eyín. Irin kò bá a tan. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi stent sí iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún iṣan mìíràn ni wọ́n ń yá lò. Ní ọdún 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ṣe ní pàtàkì fún iṣan ìbàdí àti itan yìí.

Ẹ padà wá sí ohun mẹ́ta tí a ní kí ẹ má gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti ẹsẹ̀ kò ní agbára bíi ti èyí tí ọkàn tì jáde. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Iṣan tí wọ́n fẹ̀ tí wọ́n sì ti irin bọ̀ ti ní ọgbẹ́ nínú, irin náà sì jẹ́ àlejò tí ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ rí. Ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì nígbà kan rí, ó lè jẹ́ pé dídì ń yá ẹ̀jẹ̀ náà lára. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sí ojú kan. Stent la ọ̀nà, kò sì lè ṣọ́ ọ̀nà. Oògùn ló ń ṣọ́ ọ títí tí inú iṣan yóò fi so awọ tuntun bo irin náà. Ohun tí àwọn àgbà dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 2018 ni pé kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ heparin onírúurú tuntun fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, kí oògùn sì tẹ̀ lé e fún oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa lò ó títí ayé. Láti bí ọdún 2010 ni oògùn tuntun bíi rivaroxaban àti apixaban ti dé, tí wọn kò ní kí á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n owó wọn ga lọ́dọ̀ wa, warfarin ṣì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Abẹ́rẹ́ ìfun ẹlẹ́dẹ̀ wá ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ hàráàmù, a sì mọ̀ pé inú Súrátù Bàkárà, níbi tí èèwọ̀ náà wà, ni Ọlọ́hun ti yọ ẹni tí ìnira ká mọ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa láti máa méfò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì ti Rábítà jókòó ní Mẹ́kà lórí heparin gan-an. Wọ́n ní ó tọ́ láti fi ṣe ìwòsàn níbi tí kò bá ti sí èyí tó jẹ́ hàláàlì tó lè dípò rẹ̀, tàbí tí èyí tó wà yóò fa ìwòsàn gùn. Wọ́n ní kí á má lò ó kọjá ibi tí a ti nílò rẹ̀. Wọ́n sì rọ àwọn mínísítà ètò ìlera ní ilẹ̀ Mùsùlùmí pé kí wọ́n bá àwọn ilé oògùn ṣe é kí wọ́n máa yọ ọ́ lára màlúù. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí dùn wá. Màlúù tí a ń pa ní ọjọ́ Iléyá nìkan, ibo ni ìfun rẹ̀ ń lọ? Warfarin ní tirẹ̀ kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Inú koríko ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá.

A ka gbogbo èyí sí Alhaji létí lórí ibùsùn. Ó bi wá bóyá òun lè gba ààwẹ̀. A ní kó bi dókítà rẹ̀ kí oṣù tó wọlé, torí a ti mọ ẹni tó fi oògùn ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ nítorí ìṣínu. Ó bi wá nípa ẹ̀fọ́. Dókítà ti sọ fún un pé ewé tútù ní fítámì K, kó má jẹ ẹ̀kún ìkòkò lónìí kó sì pa á tì lọ́la, kó jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Àgbo àti oògùn ara ríro, ó gbọ́dọ̀ béèrè kó tó lò ó. Hìjámà tó máa ń ṣe lóṣooṣù ni a rí i pé ó dùn ún jù láti fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì kò lè máa fi abẹ sín ẹ̀yìn láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí ló dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àgbẹ̀ tó gbé òkú màlúù wá nínú yìnyín yẹn, wọn ò rí nǹkan ṣe fún un, àbí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí á bá òun mú omi wá kí òun fi gbé oògùn mì.